Àwọn Nọ́ọ̀sì Òru àti Ojú Ọmọ Tí Oṣù Rẹ̀ Kò Pé

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí tí ọ̀rọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì kan ti ń jà lọ́kàn mi. N kò mọ orúkọ wọn. Bóyá ni ẹnì kankan nínú wọn ṣì wà láyé, nítorí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ní ọsibítù ìjọba kan tó ń jẹ́ Gallinger ní Washington, olú ìlú Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé ni wọ́n ń tọ́jú. Dókítà kan ti ní kí wọ́n dín ọ́síjìn àwọn kan nínú ọmọ wọ̀nyí kù. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí àwọn dókítà ti lọ, àwọn kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì a yọ́ lọ sídìí ẹ̀rọ, wọn a tú ọ́síjìn náà sílẹ̀ padà, kí ọmọ ọlọ́mọ má baà kú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ọ́síjìn yẹn gan-an ló ń fọ́ àwọn ọmọ náà lójú.

Mo gbìyànjú láti bínú sí wọn, n kò rí i ṣe. Ẹni tó bá ti dúró rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí onígíláàsì tí wọ́n tẹ́ ọmọ tí kò tíì wọn kílò kan sí, tó rí i bí ètè rẹ̀ ṣe ń ṣú, tó sì mọ̀ pé bí òun bá yí ẹnu ẹ̀rọ díẹ̀ báyìí ètè náà yóò tún pọ́n, ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní yára dá wọn lẹ́bi. Mo ti dúró níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 28 oyún ni àbúrò mi obìnrin bímọ, èmi ni mo sì ń bá a lọ bá a bọ̀ ní gbogbo àsìkò tí ọmọ fi wà ní ọsibítù. Ọmọ náà ti ń rìn báyìí. Láìpẹ́ yìí ni mo tó ka ìtàn àwọn nọ́ọ̀sì òru, ó sì jẹ́ kí n padà ronú sí ohun púpọ̀ tí ojú wa rí nígbà náà tí a kò mọ ìdí rẹ̀.

Àìsàn tó ń yan ọsibítù olówó

Ní 1942, ní Boston, dókítà ojú kan tó ń jẹ́ Theodore Terry kọ̀wé nípa ohun tí kò rí irú rẹ̀ rí: àwọn ọmọ tí wọ́n bí láìpé oṣù, tí wọ́n yè, tí wọ́n ń sanra, ṣùgbọ́n tí nǹkan funfun kan bo ẹ̀yìn ọmọlójú wọn, tí wọn kò sì ríran. Láàárín ọdún méjìlá tó tẹ̀ lé e, irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bí 10,000. Stevie Wonder, olórin tí gbogbo wa mọ̀, tí wọ́n bí ní Michigan lọ́dún 1950, wà lára àwọn tí ó fọ́ lójú.

Ohun tó rú àwọn dókítà lójú ni pé ibi tí ẹ̀rọ ti dára jù ni àìsàn náà ti ń jà jù. Ọsibítù tí kò ní nǹkan kan, ẹ kò fi bẹ́ẹ̀ ní rí i níbẹ̀. Èyí tó ní àpótí ìgbàlódé tí afẹ́fẹ́ kì í jò lára rẹ̀, tó ní ọ́síjìn lọ́pọ̀ yanturu, ibẹ̀ ni ojú ọmọ ti ń lọ. Wọ́n fura sí fítámì, wọ́n fura sí irin, wọ́n fura sí wàrà màlúù, wọ́n fura sí ìmọ́lẹ̀. Ní 1951, Kate Campbell ní Melbourne fi àwọn ibi tó ń lo ọ́síjìn fàlàlà wé ibi tó ń ṣọ́ ọ lò, ó sì sọ ohun tí òun fura sí. Arnall Patz, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ojú ní Gallinger, ti ń rí ohun kan náà. Ó fẹ́ pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì, kí apá kan gba ọ́síjìn púpọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí apá kejì gba ìwọ̀nba. Nígbà tó tọrọ owó lọ́wọ́ ìjọba, àwọn tó yẹ ìwé rẹ̀ wò kọ̀ jálẹ̀; lójú tiwọn, ó fẹ́ pa ọmọ nítorí àbá tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọwọ́ arákùnrin rẹ̀ ló ti lọ yáwó.

Ibí yìí ni àwọn nọ́ọ̀sì òru ti wọ inú ọ̀rọ̀, mo sì fẹ́ ká dúró tì wọ́n díẹ̀. Kí ni nọ́ọ̀sì yẹn ń rí? Ọmọ tó ń mí gúlegúle, tí àyà rẹ̀ ń wọnú. Ó tú ọ́síjìn sí i, ètè pọ́n, ọmọ sùn. Ohun tó ṣe ṣiṣẹ́ lójú ara rẹ̀, kò sì pẹ́ rárá kó tó ṣiṣẹ́. Aburú tó wà níbẹ̀ kò ní yọjú àfi lẹ́yìn oṣù mélòó kan, nígbà tí ọmọ bá ti dé ilé, tí ìyá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí i tí kò wojú ìyá. Nọ́ọ̀sì kò ní sí níbẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò padà wá ròyìn fún un. Ó lè ṣe iṣẹ́ yẹn fún ogún ọdún, kó máa fi àánú ṣe é lóròòru, kó sì fẹ̀yìn tì láìmọ̀.

Ìyẹn ló ń dá mi lágara. Bí nǹkan bá ṣe ọmọ, ẹni tí kò bìkítà ni a máa ń kọ́kọ́ wá kiri. Níbí, ẹni tó bìkítà jù lọ ní gbogbo wọ́ọ̀dù ni ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìfẹ́ rẹ̀ pé, kò kù síbì kan. Àbọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ni kì í dé etí rẹ̀.

Láti 1953, ọsibítù 18 ní Amẹ́ríkà para pọ̀ ṣe irú ìwádìí kan náà, V. Everett Kinsey ló darí rẹ̀. Ọdún 1954 ni wọ́n kéde àbọ̀ rẹ̀, kò sì sí àríyànjiyàn mọ́: ọ́síjìn ni. Ní 1956 wọ́n fún Patz àti Kinsey ní ẹ̀bùn Lasker, ẹ̀bùn ńlá kan fún ìwádìí ìṣègùn ní Amẹ́ríkà.

Gbòǹgbò tí kò wá omi mọ́

Rẹ́tínà ni awọ fẹ́lẹ́ tó tẹ́ sí ẹ̀yìn inú ojú, òun ló ń gba àwòrán ohun tí à ń wò. Òun náà ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16 oyún ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ń hù láti àárín rẹ̀ lọ sí bèbè. Apá tó wà níhà imú ló kọ́kọ́ ń kún, ní bí ọ̀sẹ̀ 36. Apá kejì, níhà ibi tí etí wà, kì í kún títí oyún fi máa pé, ní bí ọ̀sẹ̀ 40. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ 28, iṣan ojú rẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà.

Àìtó ọ́síjìn ló ń pe iṣan yìí síwájú. Ọ́síjìn kì í pọ̀ nínú ìyá. Rẹ́tínà tó ń dàgbà ń ránṣẹ́ pé òun ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀, iṣan sì ń tọ ìpè náà lọ, bí gbòǹgbò igi ṣe ń wá omi kiri nínú ilẹ̀. Bí a bá wá bí ọmọ láìpé oṣù, afẹ́fẹ́ lásán tí gbogbo wa ń mí yìí ti ju ohun tó ń rí nínú ìyá lọ, ká má tíì sọ ti inú sílíńdà. Gbòǹgbò bá omi lẹ́nu ọ̀nà, kò rìn mọ́. Kódà èyí tó ti hù lè gbẹ. Norman Ashton, ní London, fi èyí hàn lára ojú ọmọ ológbò láàárín àwọn ọdún 1950 yẹn.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, rẹ́tínà ti dàgbà sí i, ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé sì ti di ibi tí ebi ń pa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú èròjà kan jáde tí wọ́n ń pè ní VEGF, èyí tó ń pe iṣan. Ìpè náà ti wá pọ̀ jù. Iṣan tuntun ń hù wìtìwìtì láìtọ ọ̀nà, wọ́n ń yọrí sínú ojú níbi tí kò yẹ kí wọ́n dé, wọ́n sì ń jò. Ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ, ara wọn á tún un ṣe fúnra rẹ̀. Ti àwọn mìíràn, àpá á sún kì, á sì fa rẹ́tínà ya kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́. Bí ó bá ti ya tán, iṣẹ́ abẹ kì í sábà dá ìríran padà.

Ẹ wo bí àsìkò ṣe pín in. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìpalára ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n bí ọmọ náà gan-an bá ń sún mọ́lé ni ewu ń le, ìgbà náà sì ni ọmọ ń dá mí, tó ń mu ọyàn, tó ń tóbi, tí gbogbo ẹbí ń dúpẹ́ pé a ti borí. Wíwò ojúkòójú kò lè fi ohunkóhun hàn yín. Ojú náà mọ́ lóló, ó dára.

Nígbà tí wọ́n dín in kù

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹni tó bá ka ìtàn yìí dé 1954 lè fi òwe yẹn pa á dé. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí àṣejù ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọsibítù gbé òfin kalẹ̀ pé ọ́síjìn inú àpótí ọmọ kò gbọdọ̀ kọjá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìfọ́jú lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ẹ̀dọ̀fóró wọn kò tíì gbó bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Lọ́dún 1973, K. W. Cross ṣe ìṣirò rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet: fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n gba ojú rẹ̀ là, ó ṣeé ṣe kí ọmọ bí 16 ti kú. Mo ka iye yẹn, mo gbé fóònù mi sílẹ̀. Ẹ̀rù tó ń ba àwọn nọ́ọ̀sì òru kì í ṣe ẹ̀rù asán nígbà náà. Wọ́n ṣìnà nípa ojú, wọn kò ṣìnà nípa ikú.

Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ inú àpótí ni òfin yẹn ń wọ̀n. Kò wọn ọmọ. Ọmọ méjì lè wà nínú afẹ́fẹ́ kan náà kí ọ́síjìn kún inú ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan, kí ti èkejì máà tó. Ó di àwọn ọdún 1980 kí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ, tó ń tan iná pupa, tó ń ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láìgún un lábẹ́rẹ́, tó wọ́pọ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti lè máa ṣọ́ ọmọ fúnra rẹ̀.

Ìyẹn náà kò parí ẹjọ́. Ìwádìí SUPPORT tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2010 gba ọmọ 1,316 tí wọ́n bí láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 27. Wọ́n fi ọ́síjìn ẹ̀jẹ̀ apá kan sí 85 sí 89 nínú ọgọ́rùn-ún, ti apá kejì sí 91 sí 95. Lára àwọn tó yè, ìpalára ojú tó le mú ìdá 8.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí tiwọn lọ sílẹ̀, ó sì mú ìdá 17.9 àwọn tí tiwọn ga. Ṣé ká wá máa fi í sísàlẹ̀ ni? Ẹ wo ikú: 19.9 lára àwọn tí tiwọn lọ sílẹ̀, 16.2 lára àwọn tí tiwọn ga. Àlà tó wà láàárín méjèèjì kò fẹ̀ tó ohun tí èèyàn lè fi ojú lásán rí.

Ọ̀pọ̀ ọsibítù ti yan èyí tó ga báyìí, bí 90 sí 95. Kí ọmọ kọ́kọ́ yè ná. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yan èyí ti mọ̀ọ́mọ̀ gbà pé ojú àwọn ọmọ kan yóò wà nínú ewu, ó sì ti jẹ wọ́n ní gbèsè àyẹ̀wò. Ọsibítù tó bá ń gbé ọ́síjìn fún ọmọ tí kò ṣètò bí dókítà ojú yóò ṣe wò ó, ó ti mú ìdajì ìpinnu náà, ó fi ìdajì sílẹ̀.

Nínú yàrá tí wọ́n pa iná rẹ̀

Mo wà níbẹ̀ nígbà àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ọmọ àbúrò mi. Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ kán oògùn sí i lójú, ó dúró, ó tún kán an, kí ọmọlójú lè là gbayawu. Ohun tí n kò retí ni pé àwọ̀ ara tó yí ìpéǹpéjú ọmọ náà ká á funfun. Àbúrò mi fa ọwọ́ mi. "Ẹ má jáyà, mọ́mì," ni nọ́ọ̀sì wí, "oògùn ló lé ẹ̀jẹ̀ kúrò níbẹ̀, á padà." Ó ń nu omi oògùn tó ń ṣàn lọ síhà etí ọmọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

Wọ́n fi aṣọ wé e, apá àti ẹsẹ̀ wọlé, orí nìkan ló kù síta. Wọ́n pa iná. Dókítà dé iná kan mórí, ó mú awò róbótó kan sọ́wọ́, ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan la ìpéǹpéjú kí ọmọ má baà pajúdé. Nọ́ọ̀sì kán omi ṣúgà sí i lẹ́nu láti fi tù ú nínú. Kò tù ú. Ọmọ tí ẹkún rẹ̀ kì í dé ẹnu ọ̀nà ké tí gbogbo wọ́ọ̀dù fi gbọ́, mo sì rántí pé mo sọ nínú ara mi pé ẹ̀dọ̀fóró èyí ti gbó nìyẹn. Wọ́n ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé ó lè jáde bí kò bá lè wò ó. Kò jáde. Omijé ń dà lójú rẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ ọwọ́ dókítà. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Dókítà ń pe ohun tó ń rí, nọ́ọ̀sì ń kọ ọ́: zone 2, stage 2, kò sí plus. Zone ni ibi tí iṣan rìn dé; bí ó bá ṣe jìnnà sí àárín tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe sàn tó. Stage ni bí ó ti le tó, láti 1 dé 5. Plus ni pé kí iṣan tó wà láàárín máa wú, kó máa lọ́. Bí plus bá yọjú níbi tí kò dára, wọn kò ní fi falẹ̀: láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi lésà tàbí abẹ́rẹ́ dá a dúró.

Àbúrò mi kò gbọ́ ọ̀kan nínú gbogbo ìyẹn. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ń ríran?"

"Mọ́mì, ìyẹn kọ́ ni mo wá wò lónìí. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ dé ni mo wá wò."

"Ṣé ó dára àbí kò dára?"

"Kò tíì dára, kò sì tíì burú. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n tún un wò."

Nígbà tí a jáde, inú ń bí àbúrò mi burúkú. "Ẹ̀gbọ́n mi, irú ìdáhùn wo nìyẹn?" N kò ní èsì fún un. Mo ti ní in báyìí. Ọmọ náà pọ́n, ó ń ké, ó ń sanra; ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tu ìyá rẹ̀ nínú ìbá sọ pé kò séwu. Dókítà yẹn kọ̀ láti fi ohun tó hàn lójú gbogbo wa dáhùn ohun tí kò tíì hàn. Bó ṣe rí lọ́ọ̀ọ́kán náà ló ṣe sọ ọ́, ó sì dá ọjọ́ tí yóò tún wò ó. N kò rò pé inúure kan wà tó ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò mọ̀ ọ́n lóore lọ́jọ́ náà.

Kí ni ọmọ náà tiẹ̀ ń rí?

Ìbéèrè àbúrò mi ṣì yẹ kó ní ìdáhùn. Títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 26, ìpéǹpéjú ọmọ inú oyún ṣì lẹ̀ mọ́ra. Ní ọ̀sẹ̀ 28 ó ti là, ọmọ lè ṣí i fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọlójú kò tíì mọ bí a ṣe ń sún kì bí iná bá mọ́lẹ̀ jù. Ó di lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 30 kí ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé e. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi aṣọ bo àpótí, tí wọ́n ń dín iná wọ́ọ̀dù kù. Oorun ọmọ ni wọ́n fi ń ṣọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìmọ́lẹ̀ ló ń fa àìsàn ojú yìí. Ìwádìí kan tó jáde ní 1998 fi nǹkan bo ojú àwọn ọmọ kan, ó fi ti àwọn kan sílẹ̀, kò sì sí ìyàtọ̀.

Nínú gbogbo ohun tí ara fi ń mọ nǹkan, ojú ló ń gbẹ̀yìn. Ìfọwọ́kàn ló ṣíwájú, lẹ́yìn náà òórùn àti adùn, lẹ́yìn náà etí. Ọmọ tó yẹ kó ṣì wà nínú òkùnkùn fún oṣù mẹ́ta sí i, kò nílò ohun ìṣeré tó ń tan iná pupa tan iná aláwọ̀ ewé. (Àwọn ẹbí wa kó irú rẹ̀ wá, inú rere ni, a bá wọn kó o pamọ́.) Bí ó bá di bí ọ̀sẹ̀ 34, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í tẹjú mọ́ ojú èèyàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé pàápàá, ohun tó wà láàárín 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà ló ń rí dáadáa, ibi tí ojú ìyá máa ń wà gan-an bí ó bá ń fún un lọ́yàn. Ohun tó kù jẹ́ bàìbàì.

Fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ọmọ yẹn jẹ́ àgbàdo inú ìgò fún ìyá rẹ̀, àwòmọ́jú lásán. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e lé e láyà, awọ kan awọ, ni nǹkan yí padà. Bogotá, ní Kòlóńbíà, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1978, nígbà tí àpótí kò kárí ọmọ tí dókítà Edgar Rey sì ní kí àwọn ìyá máa gbé ọmọ wọn sáyà. Ìwádìí tó jáde ní 2021 láti Gánà, Íńdíà, Màláwì, Nàìjíríà àti Tansaníà fi hàn pé bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kíákíá lẹ́yìn ìbí, ikú á fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín kù, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ ọ́ di ìmọ̀ràn fún gbogbo ibi láti 2022. Kì í ṣe oògùn ojú. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń gbé ọmọ sáyà, omi ọyàn rẹ̀ kì í tètè gbẹ, wọ́n sì ti rí i léraléra pé àìsàn ojú yìí kì í le tó bẹ́ẹ̀ lára àwọn ọmọ tó ń mu omi ọyàn.

Nǹkan kan tún wà tó ń ba àwọn òbí lẹ́rù láìnídìí. Ọmọ oṣù mẹ́rin tí wọ́n bí ní oṣù mẹ́ta ṣáájú àsìkò, ẹ má fi wé ọmọ oṣù mẹ́rin mìíràn. Ẹ yọ oṣù mẹ́ta kúrò. Ọmọ oṣù kan ni lójú ìríran. Ẹ máa ka ọjọ́ láti ọjọ́ tó yẹ kí ẹ bí i. Bí ó bá fi pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ yẹn tí kò tíì máa tẹjú mọ́ yín tàbí kó máa fi ojú tẹ̀ lé yín, nígbà náà ni kí ẹ pariwo.

Ta ló ni ọjọ́ tí wọ́n dá?

Lọ́dún 2010 nìkan, wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí ọmọ 20,000 káàkiri ayé ni àìsàn yìí fọ́ lójú tàbí tó ba ìríran wọn jẹ́ gidigidi. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ bí a ṣe ń gba ọmọ kékeré là ló ni púpọ̀ nínú wọn, Clare Gilbert tó ń ṣiṣẹ́ ní London sì ti ń sọ ọ́ tipẹ́: wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń mú ọmọ yè, wọn kò ra èyí tó ń po ọ́síjìn mọ́ afẹ́fẹ́, wọn kò sì ní dókítà tí yóò wo ojú. Ọ́síjìn inú sílíńdà ń wọlé ní ògidì. Nítorí náà, ọmọ tó tóbi pàápàá ń fọ́ lójú níbẹ̀. Ìlànà Bìrìtìkó ni pé kí wọ́n wo gbogbo ọmọ tí wọ́n bí kí ọ̀sẹ̀ 31 tó pé, tàbí tí kò tó gíráàmù 1,501. Ibi tí ọ́síjìn kò ní ìjánu, bí wọ́n bá da ìlànà yẹn kọ bó ṣe wà, ọmọ kílò méjì lè bọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ máa ń bọ́ sí bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ìbí. Nígbà mìíràn, ìgbà yẹn ni wọ́n ń dá ìyá àti ọmọ sílẹ̀ láti máa lọ sílé. Ìyá tí kò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ yìí wá, tí wọ́n kó oògùn lé lọ́wọ́, tí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń wọn wàrà, ni wọ́n tún ń sọ fún pé kó má gbàgbé ọjọ́ dókítà ojú. Ó wo ọmọ, ọmọ ń wò ó. Kí ló máa sáré fún? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀fà ló wà níwájú rẹ̀. Bí ó bá pàdánù ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣe kókó jù lọ nìyẹn.

Mo ti gbọ́ kí wọ́n máa sọ pé àwọn ìyá kò mú ọmọ padà wá. N kò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Ẹni tó mọ ohun tó ń bọ̀ ló yẹ kó máa wá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kiri. Kí wọ́n máa pe òbí lórí fóònù. Bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kí wọ́n tó dá ọmọ sílẹ̀ rárá. Kí àbọ̀ rẹ̀ sì padà dé wọ́ọ̀dù tó tọ́jú ọmọ náà, kí nọ́ọ̀sì tó ń yí ẹnu ẹ̀rọ mọ ohun tí ọwọ́ òun ń ṣe, ìbáà ṣe rere ìbáà ṣe ibi. Kò wọ́n ju kí èèyàn kọ ọ́ sínú ìwé kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Iṣan ojú ọmọ àbúrò mi dé bèbè nígbẹ̀yìn, láìlo lésà. A rò pé ó parí. Wọ́n wá sọ fún wa pé ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, ó rọrùn kí ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán máa ṣe bàìbàì lójú rẹ̀, ó rọrùn kí ojú kan máa wo iwájú kí èkejì máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí wọn kò bá sì tètè tún un ṣe, ọpọlọ á pa ojú tó yà tì. Ojú lè dá ṣáṣá pàápàá kó jẹ́ pé inú ọpọlọ ni ìṣòro wà: ọmọ á rí ohun kan ṣoṣo tí a gbé sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá kó o pọ̀ mọ́ ogún nǹkan mìíràn, kò ní rí i mọ́. Wọ́n fún un ní awò ojú. Ó ń já a sọ nù, ìyá rẹ̀ ń fi rọ́bà dè é mọ́ ọn lórí. Dókítà ní ká tún gbé e wá kó tó wọ ilé ìwé. Mo béèrè pé ta ni yóò pè wá bí ọjọ́ bá tó. Ẹni tó wà nídìí tábìlì ní ká ṣáà máa rántí.